Ta Ló Ń Ròyìn Mi Láti Inú Ìdajì-Mọ́tò?

Abà Jálùgbó,
Lọ́nà Oǹdó.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn òjò.

Inúmidùn ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn dáadáa, àbí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ṣì ń kọ orin mọ́ yín létí títí ilẹ̀ fi ń mọ́ bí wọ́n ti ṣe nígbà tí mo wá? Olúwa tó ń ṣọ́ wa lábà níbí kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Kọ̀ńtẹ́nà kò ní já lé ọ lórí ní Liverpool Road. Trélà tí bíréèkì rẹ̀ já kò ní pàdé rẹ lọ́nà. Bí o bá ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Warehouse Road láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa padà wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì àti báàgì rẹ lọ́wọ́. Àmín. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa dáná, kí o yé jẹ ìrẹsì inú ọ̀rá. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí mẹ́ta, ìgbéraga ò sì jẹ́ kí òun àti ewúrẹ́ gbádùn mọ́. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò lójú kan náà. Kòkó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á ní kò gbẹ tó, èmi sì mọ̀ pé irọ́ ni, òṣùwọ̀n wọn ni kò sunwọ̀n.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ mú bírò rèé: mo ti mọ ẹni tó ń ròyìn mi fún ọ. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí mi ò tíì mọ àwọn mìíràn tó ń gbọ́ wa níbẹ̀. Ìwé ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Fara balẹ̀ kà á, má sì pè mí kí o tó kà á tán.

Láti ọjọ́ tí o ti mú mi wá sí Apápá wá gba ọkọ̀ yẹn ni ara ti ń fu mí. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin oníbúrẹ́dì, mo ń wo trélà tó tò lọ rẹrẹ tí kò sí èyí tó ń rìn nínú wọn, ni wọ́n bá ti nǹkan kan jáde láti inú kọ̀ńtẹ́nà, o ní ọkọ̀ mi dé. Mo bi ọ́ pé níbo ni ìyókù rẹ̀ wà. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní gíláàsì níwájú, kò ní ìjókòó lẹ́yìn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tóbi ju orí rẹ̀ lọ. O rẹ́rìn-ín, o ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, o ní òkè ni, ẹrẹ̀ ni, kò sí ibi tí kò lè gbà, àti pé nítorí orúnkún mi lo fi rà á. Mo dúpẹ́, mo gbàdúrà fún ọ lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ nínú ara mi pé ọkọ̀ tó ní ìjókòó méjì péré, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n ń retí sórí ìkejì.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń gùn ún, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Gbogbo abà ló ń pè é ní Ìdajì-Mọ́tò. Ó gun òkè Akọ̀ tí ọ̀kadà ti máa ń ṣubú. Ó fi okùn irin iwájú rẹ̀ wọ́ igi ìrókò tó wó dí ọ̀nà wa kúrò, àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dákẹ́. Bẹ́líìtì inú ẹ̀rọ rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan, eku jẹ wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Sylvester tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nídìí títì ló bá mi tò ó. Epo ló ń mu ju bó ti yẹ lọ, mo sì fura pé ó ń mu ún nígbà tí mo bá sùn. Ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe àwọn onímọ́tò síwájú fún àdúrà, lẹ́yìn náà wọ́n pe àwọn ọlọ́kadà. Díákónì ní onímọ́tò ni mí nítorí táyà mẹ́rin. Mo ní ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lójú bíi ti ọlọ́kadà. Kí ewu má bàa rí àyè wọlé láàárín méjèèjì, mo bá àwọn onímọ́tò jó jáde, mo sì tún bá àwọn ọlọ́kadà jó jáde. Ìyá rẹ ní mo dójú ti òun, ṣùgbọ́n èmi ò tíì ní ìjàǹbá títí di òní.

Ìjókòó kejì, Yínúsà ló ni ín. O mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́. Láti ìgbà tí èmi àti ẹ̀ ti ń dẹ pàkúté ní kékeré, a kì í ya ara wa. Òun ló gbé ọ kọ́rùn láti abà títí dé ọsibítù Oǹdó nígbà tí ìgbóná fẹ́ mú ọ lọ tí kò sí mọ́tò tó lè wọ ọ̀nà wa. Gbogbo Iléyá ló máa ń fúnra rẹ̀ gbé apá ọ̀tún àgbò rẹ̀ wá fún mi. Gbogbo Kérésì lèmi náà máa ń gbé àkùkọ lọ fún un, láàyè ni mo sì máa ń gbé e lọ, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ dúńbú ẹ̀ bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe fẹ́. Ọkọ̀ yìí máa ń han gooro bí ẹni tó wà lórí ìjókòó kejì kò bá de bẹ́líìtì, Yínúsà sì kórìíra ariwo, nítorí náà kó tó jókòó dáadáa ló ti ń wá bẹ́líìtì. Yóò gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, a ó sì máa lọ.

O ò gbàgbé pé o ní kí n má ṣe gbé ọkọ̀ náà kọjá odò Aládé, nítorí afárá igi ibẹ̀ ti ń jẹrà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n oko bàbá mi wà ní òdìkejì, ọkùnrin kì í sì í jókòó sílé kó máa fọkàn ro oko bàbá rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọjá, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí o fi pè mí. O kí mi, o kí ìyá rẹ, lo bá ní Bàbá, kí lẹ wá lọ sí odò Aládé. Ẹnu mi ò lè pa dé. Nígbà mìíràn, èmi àti Yínúsà yà ní Ìdí-Ọsàn láti jẹ ẹran ìgbẹ́ níbi tí ìwọ náà mọ̀ pé wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí i dáadáa, kò ju ọmọ ẹran díẹ̀ lọ, n kò tíì nu ẹnu tí o pè, o ní ṣé mo rántí ohun tí dókítà sọ nípa iyọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo wo fóònù. Mo wo Yínúsà. Ó ń ta eyín.

Inúmidùn, kí ni ìwọ ì bá rò? Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Kò sí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú mi lọ́jọ́ méjèèjì àfi òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bó bá wúkọ́, mo máa ń rò ó pé àmì ló ń fi ránṣẹ́. Bó bá lọ kírun lẹ́yìn igi, mo máa ń na ọrùn wò ó bóyá fóònù ló mú dání. Ọjọ́ tí a gbé kòkó lọ fún àwọn oníkòkó, tí èèyàn pọ̀ níbẹ̀, o tún pè láti bi mí pé ṣé àpò tí mo gbé kò ti wúwo jù, inú bí mi, mo ní kí Yínúsà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi. Mo pè é ní olófòófó lójú gbogbo wọn. Mo ní kó lọ wá ọkọ̀ tirẹ̀ tí yóò máa fi ròyìn. Ó tú bẹ́líìtì, ó so ó padà kó má bàa wọ́lẹ̀, ó mú kẹ́tùlù rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ọ lórí fóònù. Mo ní mo ti lé olófòófó náà kúrò, mo dárúkọ rẹ̀. Mo ní ṣé ò ń gbọ́ mi. O ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára, ni fóònù bá kú. Mo gbà pé nẹ́tíwọ̀kì ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò dé, ọ̀nà bàjẹ́, mi ò lọ síbi kan, o ò sì bi mí léèrè ibì kankan. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ó ti rí i báyìí pé òótọ́ ni mo wí. Ìyá rẹ ní òun ò rí nǹkan kan, òun kàn mọ̀ pé èèyàn tó gbé ọmọ òun kọ́rùn kò jọ olófòófó lójú òun. Iléyá wá dé. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, mo ní mò ń tún un hun. Àwọn èèyàn ń kọjá pẹ̀lú ẹran, wọ́n ń kí mi, mò ń kí wọn. Apẹ̀rẹ̀ náà ò níbi tó bàjẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnì kankan kò gbé apá àgbò wá fún mi. Mo wọlé, mo ní ebi ò pa mí. Ó dùn mí, Inúmidùn, ó dùn mí dọ́kàn.

Nígbà tí ọ̀nà gbẹ, mo gbé àpò gbágùúdá sórí ìjókòó Yínúsà kí ọkọ̀ má bàa fì sápá kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í han, mo bá de bẹ́líìtì fún gbágùúdá. Àwọn ọmọ aráyé ń kí wa lọ́nà, wọ́n ní ẹ kú ìrìn ẹ̀yin méjèèjì. Mo kọjá odò Aládé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, o pè mí, o ní Bàbá, ẹ tún ti lọ. Mo da gbágùúdá yẹn jáde nínú àpò, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ lẹ́yọ. Gbágùúdá ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, kì í ṣe nítorí rẹ, nítorí Yínúsà ni. Ṣùgbọ́n mo ní kí n má tíì pariwo. O mọ̀ pé pàkúté ni bàbá mi fi tọ́ mi. Bí ọ̀yà bá ń wọ oko rẹ, o kì í sáré kiri nínú oko, ńṣe ni wàá máa dí ojú ọ̀nà níkọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku ibi tó ń gbà wọlé. Mo kọ́kọ́ dí ti ìyá rẹ, mo ní kó lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Oǹdó. Ó lọ, mo kọjá odò, o pè. Mo dí ti fóònù, mo rì í sínú gàrí nílé kó má bàa rí ọ̀nà tí mo gbà. Mo kọjá odò, mo padà wá hú u jáde, o pè. Ó wá ku ọ̀nà kan. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ sábẹ́ igi, mo mú ọ̀pá, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí òdìkejì odò Aládé, mo jókòó nínú oko bàbá mi dìrọ̀lẹ́. Orúnkún mi fẹ́ pa mí. Bí mo ti wọlé lo pè, inú rẹ dùn, o ní Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ sinmi nílé lónìí. Ẹrẹ̀ odò Aládé ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi bí o ti ń sọ ọ́.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo mú àga síwájú Ìdajì-Mọ́tò, mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò fèsì. Mo tú u wò. Abẹ́ ìjókòó kejì gan-an ni mo ti rí i, níbi tí ìdí Yínúsà ń wà: nǹkan dúdú kékeré kan, kò ju páálí ìṣáná lọ, ojú pupa kan wà lára rẹ̀ tó ń ṣẹ́. Mo pe Sylvester. Ó ní wọ́n máa ń fi í sínú ọkọ̀ nítorí olè, ó ní òun ló máa ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà fún olówó ọkọ̀. Mo ní èmi ni olówó ọkọ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún mi rí. Sylvester fọwọ́ họrí. Ó ní wọ́n ń ra káàdì sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rà á sínú fóònù. Àwọn àgbà ní olófòófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ, ṣùgbọ́n eléyìí ń gba káàdì. Inúmidùn, ìgbà wo lo ra káàdì fún èmi tí mo bí ọ kẹ́yìn? Ṣé Yorùbá ló máa ń bá ọ sọ, àbí òyìnbó? Ṣé ó ń sọ ohun tí a bá ń sọ lórí ìjókòó náà fún ọ pẹ̀lú? Bó bá sọ ohun tí mo wí nípa àna rẹ, má gbà á gbọ́.

Mo fi ańkáṣíìfù dì í, mo gbé e lọ sí ilé Yínúsà. Ó wà lórí ẹní. Mo kí i, ó dáhùn, kò gbójú sókè. Mo tú ańkáṣíìfù, mo gbé nǹkan náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní olófòófó tí mo ń wá rèé, abẹ́ rẹ̀ ló sá sí, mo ní kó dárí jì mí. Ó wò ó títí. Ó bi mí pé ta ló fi í síbẹ̀. Mo ní àwọn òyìnbó tó ṣe ọkọ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, nítorí rẹ ni mo sì ṣe pa á, Ọlọ́run yóò dárí jì mí. Yínúsà ní ó dáa, ó ní ṣé òyìnbó tó ṣe é ló mọ orúkọ odò Aládé, ṣé òyìnbó náà ló sì mọ̀ pé dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù. Mo ń wo ẹní.

Mo rò pé yóò bínú sí ọ. O jẹ́ kó ru ẹ̀bi rẹ bí ẹrù, o mọ̀ pé kò ṣe é, o sì ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára. Ohun tó sọ rèé, kí o gbọ́ ọ. Ó ní ọmọ wa ni. Ó ní àwọn ọmọ tòun wà ní Marine Beach níbẹ̀, nítòsí rẹ, àti pé láti ọjọ́ yìí, kò sí ọ̀kan tó pe òun rí láti béèrè pé odò wo lòun wà. Ó ní òun ń jowú nǹkan dúdú yẹn. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó na ọwọ́ sókè sí àjà tó wà lókè ààrò, ó gbé nǹkan kan sọ̀kalẹ̀ tó ti dúdú tó sì ti gan. Apá ọ̀tún àgbò Iléyá ni. Ó ní ẹran tí orúkọ èèyàn ti wà lára rẹ̀, òun ò lè gbé e fún ẹlòmíràn. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, ojú ò sì tì mí láti kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó ní òun yóò padà sórí ìjókòó òun, ṣùgbọ́n òun ò ní jókòó lé nǹkan yẹn mọ́. Nítorí náà, Ejike tó ń kó kòkó wa lọ sí Warehouse Road ni a gbé e fún, pẹ̀lú ìwé yìí. Sylvester so ó mọ́ bátìrì lọ́rì rẹ̀ kí ebi má bàa pa á lọ́nà. Ejike ní “Baba, no wahala.” Bí nǹkan dúdú náà bá sọ fún ọ pé mo wà ní Ọ̀rẹ̀, èmi kọ́ o. Bó bá ní mo wà ní Liverpool Road láti àárọ̀ tí mi ò kúrò lójú kan, má sunkún, gosíló ló mú Ejike. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ, jáde sí i, gbà á, ẹyẹ rẹ ló ṣí lọ tó ti padà wálé.

Mo nílò táyà iwájú kan àti owó epo, ohun tí o bá ní ni kí o fi ránṣẹ́, má fi ara ni ara. Owó káàdì tí ò ń rà fún un, máa rà á fún mi báyìí, èmi náà yóò máa sọ fún ọ. Ra fìlà kan fún Yínúsà, má sì fi rán ẹnikẹ́ni, ìwọ ni yóò gbé e wá, wàá kúnlẹ̀ fún un. Láti ìgbà tí Ìdajì-Mọ́tò ti dé lo ò ti dé abà, mo sì wá mọ ìdí rẹ̀: ojoojúmọ́ ni nǹkan dúdú yẹn ń fi ibi tí mo wà hàn ọ́, o sì rò pé o ti rí mi. Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́, iṣẹ́ rẹ kò ní di ìṣẹ́, ọmọ tí ìwọ náà yóò bí yóò mọ ibi tí o wà, yóò sì máa wá síbẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Yínúsà wà lórí ìjókòó rẹ̀, ó ti de bẹ́líìtì, ó ní kí n kí ọ. Ibi tó dáa ni a wà, atẹ́gùn ń fẹ́, mi ò sì ní dárúkọ ibẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, wá sílé, wá bi wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adékànmí.